Ìgbésẹ̀ Orí Yìnyín: Láti Orí Ilẹ̀ Gbígbẹ Ni

Kò sí pápá yìnyín ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà. Síbẹ̀, bí ọmọ tàbí àbúrò yín bá fẹ́ràn họ́kì orí yìnyín, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Seun Adigun fi igi kan ọkọ̀ àtì fún ìdánrawò ní Houston tó móoru. Ní 2018, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje bobsled ní Olympic Pyeongchang, àwọn àkọ́kọ́ láti Áfíríkà.

Àṣìṣe ọ̀pọ̀ ọmọdé ni pé wọ́n ń nàró, wọ́n sì ń ju ẹsẹ̀ wìrìwìrì. Irin abẹ́ bàtà a máa yọ̀ síwájú. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni agbára ìtì ti ń wá. Kí ọmọ tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ jókòó, kí ó gbé àyà sókè, kí ó ti ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi nà tán, kí ó sì dá a padà sábẹ́ ara kí èkejì tó gbà á.

Ẹ fi ẹsẹ̀ lásán bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá. Lẹ́yìn náà, kí ó wọ síkéètì onítáyà lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, pẹ̀lú akoto àti ìbọ orúnkún. Ẹ má kánjú: ẹsẹ̀ tí kò bá nà tán, agbára rẹ̀ ṣòfò ni.