Àwọn Èkúté Tí Nọ́róònù Wọn Ń Tan Ìmọ́lẹ̀

Ọpọlọ èkúté kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì gíráàmù lọ, síbẹ̀ nọ́róònù bíi mílíọ̀nù 70 ni ó wà nínú rẹ̀, èyíinì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ìròyìn, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn àti sí gbogbo ẹ̀yà ara. Nọ́róònù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tí ó fi ń gba ìròyìn, ó sì ní okùn tín-ín-rín kan tí ó fi ń rán an jáde, èyí tí ó lè gùn láti inú ọpọlọ dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀ka àti okùn wọ̀nyí lọ́ mọ́ ara wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré, débi pé bí a bá kun gbogbo wọn ní àwọ̀ kan náà, àbàwọ́n lásán ni maikirosíkóòpù yóò fi hàn. Ìdí nìyí tí ìṣòro àwọn onímọ̀ ọpọlọ fi jẹ́ ti yíyàn ju ti rírí lọ: ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà láti kun nọ́róònù díẹ̀, kí ẹgbàágbèje tí ó yí wọn ká sì wà láìlàwọ̀.

Ní ọdún 1873, oníṣègùn ará Ítálì kan, Camillo Golgi, ṣàwárí pé bí a bá fi kẹ́míkà mú ọpọlọ òkú le, tí a sì rẹ ẹ́ sínú omi tí èròjà fàdákà wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba nọ́róònù díẹ̀ ni yóò dúdú láti ìdí títí dé ṣóńṣó ẹ̀ka wọn. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, lo ọ̀nà yìí láti fi hàn pé nọ́róònù kọ̀ọ̀kan dá dúró, ohun tí Golgi fúnra rẹ̀ kò gbà, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1906 láìfẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ òkú nìkan ni ọ̀nà Golgi wúlò fún, kò sì sí ẹni tí ó lè pàṣẹ nọ́róònù tí yóò dúdú àti èyí tí kò ní dúdú.

Inú òkun ni ohun tí a lè fi kun sẹ́ẹ̀lì alààyè ti wá. Ní ọdún 1962, Osamu Shimomura, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ròyìn purotéènì kan tí wọ́n rí lára jellyfish, ẹ̀dá inú òkun aláìléegun tí ara rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́. Purotéènì náà, tí a mọ̀ sí GFP, máa ń tan àwọ̀ ewé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró bá bà lé e. Ní ọdún 1992, Douglas Prasher yọ jíìnì rẹ̀, èyíinì ni apá DNA tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé láti ṣe purotéènì náà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Martin Chalfie àti Roger Tsien. Ní ọdún 1994, Chalfie fi hàn pé jíìnì yìí lè mú kí nọ́róònù aràn tan ìmọ́lẹ̀ láìpa aràn náà lára, Tsien sì tún purotéènì náà ṣe títí ó fi ní oríṣiríṣi àwọ̀. Shimomura, Chalfie àti Tsien ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Orúkọ Prasher kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a máa dárúkọ rẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ń sọ ìtàn yìí, nítorí jíìnì tí ó yọ̀ǹda ni àwọn méjì tí ó kẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lára èkúté ni iṣẹ́ yìí ti so èso jù lọ, nítorí ẹran ọlọ́mú ni, ọpọlọ rẹ̀ sì jọ ti ènìyàn nínú ètò rẹ̀ ju ti aràn lọ fíìfíì. Àwọn onímọ̀ máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan fi jíìnì sínú ẹyin tí àtọ̀ ti wọ̀, wọn a sì gbé ẹyin náà sínú abo èkúté mìíràn tí yóò gbé oyún rẹ̀. Bí jíìnì bá wọnú DNA ọlẹ̀, ọmọ tí a bí yóò ní i, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ìran rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíìnì nìkan kò tó, nítorí apá kan wà lára DNA tí ń darí ibi tí jíìnì yóò ti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2000, Guoping Feng, Joshua Sanes, Jeff Lichtman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Washington tí ó wà ní ìlú St. Louis gbé apá olùdarí jíìnì kan tí ń jẹ́ Thy1, èyí tí wọ́n ti tún ṣe kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú nọ́róònù, wọ́n sì fi darí jíìnì aláwọ̀ ewé, ìyeyè, pupa, àti aró tí ó súnmọ́ ewé. Ìran èkúté 25 ni wọ́n ṣe. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá olùdarí kan náà ni gbogbo wọn ní, nọ́róònù tí ó ń tàn nínú ìran kan yàtọ̀ sí ti òmíràn: nínú àwọn kan, gbogbo okùn tí ń darí iṣan ẹran ara ni ó ń tàn, nínú àwọn mìíràn, nọ́róònù tí ó ń tàn kò ju ẹyọ díẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé ibi tí jíìnì bọ́ sí nínú DNA wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Àìmọ̀ọ́mọ̀ yìí gan-an ni ó sọ àwọn èkúté náà di ohun iyebíye, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti di ohun àjogúnbá, tí yàrá ìwádìí kan ní Jámánì àti òmíràn ní Japan sì lè máa wo irú nọ́róònù kan náà lọ́dọọdún.

Àwọn tí kò fẹ́ fi yíyàn sílẹ̀ fún oríire gba ọ̀nà mìíràn. Cre ni orúkọ purotéènì kan tí a rí nínú fáírọ́ọ̀sì tí ń kọlu bakitéríà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gé apá DNA tí ó bá wà láàárín àmì méjì tí a ń pè ní loxP. Wọn a fún èkúté kan ní jíìnì àwọ̀ tí ìdènà wà níwájú rẹ̀ láàárín àmì méjèèjì, wọn a sì fún èkejì ní Cre tí ń ṣiṣẹ́ nínú irú nọ́róònù kan ṣoṣo. Bí àwọn méjèèjì bá gùn, àwọn ọmọ tí ó bá jogún jíìnì méjèèjì yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ níbi tí Cre ti gé ìdènà kúrò nìkan. Irú ọgbọ́n yìí ni Jean Livet, Lichtman àti Sanes lò ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 2007 láti ṣe èkúté Brainbow, níbi tí nọ́róònù kọ̀ọ̀kan ti ń ṣa àwọ̀ tirẹ̀ láìsí ẹni tí ó yàn án fún un, tí oríṣi àwọ̀ tí a lè yà sọ́tọ̀ sì tó nǹkan bí 90.

Nígbà tí a bá fẹ́ mọ bí ọpọlọ ṣe ń yí padà, èkúté alààyè ni a máa ń wò. Lára ẹ̀ka nọ́róònù ni àwọn kókó kéékèèké wà tí ìròyìn ń gbà wọlé. Ní ọdún 2002, ikọ̀ Wen-Biao Gan ní Yunifásítì New York àti ikọ̀ Karel Svoboda ní Cold Spring Harbor wo kókó wọ̀nyí lára èkúté Thy1 fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ohun tí wọ́n sì rí kò bára mu: ikọ̀ Gan rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í kúrò fún odidi oṣù, ikọ̀ Svoboda sì rí i pé púpọ̀ ń hù, púpọ̀ sì ń wọmi. Àwọn Gan fá egungun agbárí títí ó fi tín-ín-rín, àwọn Svoboda sì yọ ọ́, wọ́n fi gíláàsì rọ́pò rẹ̀. Apá ọpọlọ tí wọ́n wò kò sì jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà àríyànjiyàn lórí ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà pẹ́ gan-an. Ó yẹ kí àwọn tí ń gbé àwòrán aláràbarà wọ̀nyí kiri rántí èyí, pé ọ̀nà tí a gbà wò ó lè kópa nínú ohun tí a rí.

Ní ọdún 2004, ikọ̀ Gan mú èkúté aláwọ̀ ìyeyè gùn pẹ̀lú èkúté tí a fún ní jíìnì ènìyàn tí ń fa àrùn Alzheimer, èyí tí ń jẹ́ kí àgbàlagbà gbàgbé orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Níbi tí ìdọ̀tí purotéènì àrùn náà bá ti gbárajọ nínú ọpọlọ, wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀ka nọ́róònù tí ó kọjá nítòsí ń pàdánù kókó wọn, àwọn mìíràn sì ń já. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú èkúté bẹ́ẹ̀, nọ́róònù kì í kú rẹpẹtẹ bí wọ́n ti ń kú nínú ọpọlọ ènìyàn tí àrùn náà ń bá jà, ọpọlọ ènìyàn sì ní nọ́róònù tí ó tó bílíọ̀nù 86.