Alùfáà Kirkman àti Àwọn Ọmọbìnrin 15

Ìbéèrè kan rèé fún ilé yín. Ọmọbìnrin 15 wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ọjọ́ méje léraléra ni wọn ó máa jáde rìn, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Báwo ni a ó ti tò wọ́n tí ẹni méjì kì yóò fi wà ní ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Olúkúlùkù ní ẹlẹgbẹ́ 14, ó sì ń bá méjì rìn lójúmọ́. Nítorí náà ọjọ́ méje tó gẹ́lẹ́. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n àgbà a máa làágùn níbẹ̀.

Alùfáà Thomas Penyngton Kirkman ni ó béèrè rẹ̀ ní 1850, nínú ìwé ọdọọdún tí a ń pè ní Lady's and Gentleman's Diary. Bolton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbé bí i ní 1806. Oníṣòwò òwú ni bàbá rẹ̀, ó sì mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 14, kí ó lè wá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì òun. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà fi fara dà á, kí ó tó kọ̀ fún bàbá rẹ̀, tí ó sì lọ sí Trinity College ní Dublin, níbi tí ó ti gba oyè ní 1833. Lẹ́yìn náà ni ó di alùfáà Croft, ìjọ kékeré kan ní Lancashire, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 52. Ọmọ méje ni ó tọ́.

Ẹni 40 ọdún ni kí ó tó mú iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ àkọ́kọ́ wá síwájú àwọn amòye. Nínú iṣẹ́ náà, tí a tẹ̀ jáde ní 1847, ó fi iye ènìyàn tí a lè tò ní mẹ́ta-mẹ́ta hàn, kí olúkúlùkù ẹni méjì lè pàdé ní ẹ̀ẹ̀kan péré: bí a bá kó wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, ẹnì kan tàbí mẹ́ta ni kí ó ṣẹ́ kù. Ní 1853, Jakob Steiner, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ń kọ́ni ní Berlin, tún béèrè ọ̀ràn kan náà, kò mọ̀ pé a ti dáhùn rẹ̀. Orúkọ Steiner ni ètò náà ń jẹ́ títí di òní. Èyí dun Kirkman, kò sì pa á mọ́ra. Ó fi ẹ̀fẹ̀ kíkorò béèrè bí ìwé ọdún 1847 ti ṣe rí ọgbọ́n jí ohun tí a kò ì tí ì kọ. A kò lè dá a lẹ́bi. Royal Society ti London gbà á sí àárín wọn ní 1857, ṣùgbọ́n eré àwọn ọmọbìnrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n títí ó fi kú ní 1895.

Ìdáhùn tí ó kárí gbogbo iye tí ó bá ìbéèrè náà mu kò jáde títí di 1971, láti ọwọ́ Ray-Chaudhuri àti Wilson ní Amẹ́ríkà. Lu Jiaxi, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, ti rí i ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n a kò tẹ tirẹ̀ jáde kí ó tó kú ní 1983.