Ẹ̀rù Ọmọdé àti Àrùn Ìfòyà

Ẹ̀rù kì í ṣe àrùn. Ọmọ oṣù 8 a máa ké bí àlejò bá nawọ́ sí i. Ọmọ ọdún 4 a máa sá fún òkùnkùn. Bí ó ti ń dàgbà ni ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ń rọlẹ̀. Èyí tí ó ju ewu ohun tí a ń bẹ̀rù lọ, tí ó tó oṣù 6 tí kò rọlẹ̀, tí ó sì ń dí ọmọ lọ́wọ́ oorun tàbí ẹ̀kọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní phobia.

Bí atúmọ̀ bá pe méjèèjì ní 'ìbẹ̀rù', olùkọ́ lè fi pàṣán lé ọmọ tí ń ṣàìsàn. 'Ìbẹ̀rùbojo' tilẹ̀ burú jù, nítorí etí a máa gbọ́ 'ojo' nínú rẹ̀, èébú sì ni. 'Àrùn ìfòyà' ni ó yẹ: bí àyà bá ń fò, ẹ̀bi ọmọ kọ́.

Àrùn náà gbóògùn. Ní 1924, ní Amẹ́ríkà, Mary Cover Jones kọ̀wé nípa Peter, ọmọ bí ọdún 3 tí ehoro ń bà lẹ́rù. Bí ó ti ń jẹ oúnjẹ tí ó fẹ́ràn ni wọ́n ń gbé ehoro sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń fọwọ́ kàn án.