Ọgbà Agodi: Ohun Tí Àwọn Ọmọ Wa Lè Rí Kọ́ Níbẹ̀ Lásìkò Ọlidé

Tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé gígùn, àwọn ọmọ á máa béèrè ibi tí a ó mú wọn lọ. Fún ẹbí tó ń gbé ní Ìlọrin, Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn jẹ́ ibì kan tí èèyàn lè lọ kó sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà, bí a bá tètè jáde lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Adágún omi wà níbẹ̀, igi ńláńlá wà, àwọn ẹranko díẹ̀ wà, ibi ìṣeré àwọn ọmọdé náà sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn ọgbà náà ju eré lọ.

Omi ti gbé ọgbà yìí lọ rí

Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa sì kún bo bèbè rẹ̀. Omi náà wó ilé, ó gbé ọkọ̀, àwọn tó bá a lọ ju 100 lọ. Ó gbá Ọgbà Agodi náà lọ, pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko rẹ̀. Ọdún 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 2014. Èyí jẹ́ ọdún 34 lẹ́yìn ìkún omi náà.

Kí ló fà á? Òjò pọ̀ lóòótọ́, àṣẹ Ọlọ́hun sì ni òjò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ti kọ́ ilé sún mọ́ bèbè odò, wọ́n sì ti da pàǹtí sínú odò títí ojú ọ̀nà omi fi há. Omi tí kò bá rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà, ọ̀nà onílé ni yóò gbà.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín nígbà tí ẹ bá jókòó sí ẹ̀bá adágún omi náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un wá sílé. Odò Àsà la Ìlọrin kọjá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọ bá jù sí gọ́tà lónìí, ọ̀gbàrá ni yóò gbé e lọ sódò. Ọmọ tó bá ti mọ ohun tí omi ṣe ní Agodi, kò ní ṣòro fún un láti mọ ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ní kó da ìdọ̀tí síbi tó yẹ.

Iṣẹ́ tí igi ń ṣe

Ewé igi máa ń gba òjò sára kó tó balẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń di ilẹ̀ mú kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Ní abẹ́ àwọn igi Agodi, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ilẹ̀ kó rí bó ṣe tutù ju ilẹ̀ ìta lọ. Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé Mùsùlùmí tó bá gbin igi, tí èèyàn, ẹranko tàbí ẹyẹ sì jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Tí ẹ bá padà délé, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní igi kan láti gbìn, ìbáà ṣe máńgòrò tàbí ọsàn, kó sì máa bomi rin ín fúnra rẹ̀.

Ìrun lójú ọ̀nà

Láti Ìlọrin sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìrìn-àjò tó bá ti tó nǹkan bíi 80 kìlómítà ni a fi lè gé ìrun kúrú. Nítorí náà, tí ẹ bá ti jáde kúrò láàárín ilé Ìlọrin, ẹ lè kí Àìlà ní rákà méjì, kí ẹ sì kí Alásárì ní rákà méjì. Mọgaribi kò ní gígé, mẹ́ta náà ni. Bí ẹ bá kírun lẹ́yìn Imáàmù tó jẹ́ onílé, ẹ ó kí i pé bíi tirẹ̀. Ẹ mú ẹní àti búútà dání.

Kí ẹ tó lọ

Ẹ mú owó ìwọlé dání, kí ẹ sì béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n gba oúnjẹ tí a sè láti ilé wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ omi láìsí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí aṣọ tí wọn yóò fi ṣeré bo ara wọn dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tọ̀ sábẹ́ igi tí àwọn èèyàn ti ń sinmi, nítorí Ànọ́bì kọ èyí fún wa. Ẹ kó gbogbo ìdọ̀tí yín jọ kí ẹ tó dìde, kí ẹ sì tètè gbéra kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sójú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́hun sọ àwọn ọmọ wa di ẹni tí yóò tún ilẹ̀ ṣe. Àmín.