Ẹ́ńsáìmù Tí Ń Gé Ínsúlìn àti Ìbéèrè Lórí Omi Ewúro

Bí ẹnìkan bá sọ ní Òṣogbo pé àtọ̀gbẹ ń bá òun jà, kì í pẹ́ tí aládùúgbò yóò fi dámọ̀ràn omi ewúro. Ní Òkè-Baálẹ̀, níbi tí olú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ni bí a ṣe ń yẹ ewé wò. Ohun tí a sábà máa ń béèrè ni bóyá ewé náà ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ìbéèrè kan wà tí a kì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀: kí ni ó ń palẹ̀ ínsúlìn mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ó sì yẹ kí a dí i lọ́wọ́?

Ínsúlìn kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí 6, ìdajì rẹ̀ a ti lọ. Lára ohun tí ń gé e ni ẹ́ńsáìmù tí Mirsky àti Broh-Kahn ṣàpèjúwe ní ọdún 1949, tí a ń pè ní IDE lónìí. Ní ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ ṣàfihàn ìrísí ti ènìyàn: ó dà bí igbá méjì tí a fi ọ̀kan dé èkejì, síńkì sì wà nínú rẹ̀. Ínsúlìn a wọlé, igbá a pa dé, a sì gé e wẹ́wẹ́. Ohun tí ó bá tóbi ju inú igbá lọ kò ríbi wọ̀.

A kò lè máa wá ẹ̀dọ̀ ènìyàn kiri láti rí ẹ́ńsáìmù yìí. Jíìnì ènìyàn tí ń ṣe é ni a ń fi sínú bakitéríà tàbí sẹ́ẹ̀lì kòkòrò, kí wọ́n máa bá wa ṣe é. Irú ọgbọ́n yìí náà ni a fi ṣe ínsúlìn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1982. Ṣùgbọ́n ínsúlìn yẹn jẹ́ oògùn. IDE inú ìgò kì í ṣe oògùn, ìwádìí nìkan ni ó wà fún. Inú òtútù líle ni ibùgbé rẹ̀, dídì àti yíyọ́ léraléra a sì máa bà á jẹ́. Ẹni tí iná mànàmáná ń ṣẹ́jú mọ́ lára mọ ìnira tí ó wà níbẹ̀.

Nínú àyẹ̀wò, a ń fún ẹ́ńsáìmù náà ní ohun kan tí ń tàn nígbà tí a bá gé e. Bí a bá bu omi ewúro sí i tí ìmọ́lẹ̀ dín kù, kí a má tíì yọ̀: àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ lè bo ìmọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn èròjà inú ewé sì lè di síńkì mú.

Ká tilẹ̀ ní ewúro dí i lọ́wọ́ ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ ṣì kù. IDE kan náà ń gé glucagon, tí ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń gé amyloid-beta, ìdọ̀tí tí ń kó jọ sínú ọpọlọ nínú àrùn ìgbàgbé Alzheimer. Nínú ìwádìí ọdún 2014 lórí eku, dídí IDE lọ́wọ́ ran àwọn tí a fi ṣúgà sí lẹ́nu lọ́wọ́. Ó pa àwọn tí a gún ṣúgà fún lára, nítorí glucagon pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹni tí yóò dán omi ewúro wò nílò ìgò kejì tí glucagon wà nínú rẹ̀ àti ìkẹta fún amyloid-beta. Bí gígé bá dáwọ́ dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ fún àgbàlagbà tí ń mu ún láràárọ̀.