Kẹ̀kẹ́, Ẹyẹ àti Odò Lea ní Ìlú London

Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó ti tẹ̀dó sí Hackney àti Tottenham ní ìlú London, tí odò kan sì ń ṣàn lẹ́yìn ilé wọn, tí wọn kò tí ì fi ara balẹ̀ wò ó rí. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ sí etí odò, "Kí ni o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ yóò bi í, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Àwa kò bá ìyá náà wí, nítorí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lóru tí ó sì ń sùn lọ́sàn-án kò ní àyè ìgbafẹ́. Síbẹ̀, ohun kan wà ní etí odò náà tí ó kan ilé wa, òun ni a sì fẹ́ sọ lónìí.

Odò Lea ni orúkọ rẹ̀. Leagrave, ní ìlú Luton, ni ó ti sun wá. Ó sì ń rin nǹkan bí máìlì 42 kí ó tó dà sínú odò Thames. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tóóró kan wà, tí ẹṣin ń tọ̀ nígbà àtijọ́ láti fi okùn fa ọkọ̀ ẹrù. Lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ni ó ni ín. A máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere wa lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé nínú oṣù Keje, nígbà tí oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Láti Tottenham Hale ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Hackney Marshes. Ẹni tí ó bá sáré ní ọ̀nà yìí yóò dẹ́rù ba ẹlẹ́sẹ̀, yóò sì lé ẹyẹ lọ. Nítorí náà a ń lu agogo wa jẹ́jẹ́, a ń yà fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ibi tí a bá sì ti rí ẹyẹ ni a ń sọ̀ kalẹ̀ sí.

Pẹ́pẹ́yẹ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní swan, tí àwọn ọmọ rẹ̀ aláwọ̀ eérú ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àkọ̀ dúró ní bèbè odò, kò mira, bí akọ̀wé àgbà tí ń wá kọ́bọ̀ kan tí ó sọnù nínú ìwé owó. Bí ẹja bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti gbé e mì. Ẹyẹ dúdú kan sì wà tí wọ́n ń pè ní cormorant, tí ó ń rì sínú omi láti pẹja. Bí ó bá jáde, a na apá rẹ̀ méjèèjì sí oòrùn bí ẹni sá aṣọ, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ a máa tutù rinrin.

Ṣùgbọ́n alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni àwa ń wá jù. Ẹyẹ yìí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Nígbà kan rí, àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn gbàgbọ́ pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni ó ń sùn sí nígbà òtútù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1911, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ John Masefield fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1912, a mú ẹyẹ kan náà ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà! Ìrìn nǹkan bí máìlì 6,000 ni, ó sì gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ní Ebbaken lẹ́bàá Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó máa ń péjọ sùn. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn wa: ẹyẹ tí ń fò lórí omi Hackney lè ti fò kọjá lórí òrùlé baba yín.

A máa ń wí pé omi kò ní ọ̀tá. Odò yìí ní ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ di ọ̀tá ènìyàn. Ní ọdún 1866, àrùn onígbáméjì pa èrò tí ó ju 5,000 lọ ní London, ìhà ìlà-oòrùn ni ó sì pa jù. Ẹ̀gbin ilé ti wọ inú odò Lea, omi odò sì ti wọ inú adágún ilé-iṣẹ́ omi ní Old Ford láìsẹ́. Onímọ̀-ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn kò fún ẹnikẹ́ni ní omi tí a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn onílé rí ẹja nínú páìpù wọn, ẹja náà sì jẹ́rìí sí òdodo.

Láti ìgbà náà ni àtúnṣe ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2016 ni a ṣí ihò abẹ́ ilẹ̀ kan tí ó gùn tó kìlómítà 6.9, láti Abbey Mills dé Beckton, láti gba ẹ̀gbin tí ń ya wọ ìsàlẹ̀ odò Lea nígbà òjò. Ní ọdún 2017 ni a ṣí àwọn adágún Walthamstow sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìgba owó ìwọlé. Omi tí ará London ń mu ni, àkọ̀ sì ń pa ọ̀wọ́ ìtẹ́ sórí àwọn erékùṣù inú rẹ̀.

Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tí ì tán. Ẹyẹ kan wà tí ó jọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, swift ni orúkọ rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Lund ní Sweden fi hàn ní ọdún 2016 pé ó lè wà lójú ọ̀run fún oṣù 10 láìbà. Inú ihò ògiri ilé àtijọ́ ni ó ń pa ìtẹ́ sí. Bí a ti ń tún ilé ṣe ni a ń dí ihò náà pa, kòkòrò tí ó ń jẹ pẹ̀lú sì ń dín kù. Láti ọdún 1995, iye rẹ̀ ní Bìrìtéènì ti dín ju ìdajì lọ, a sì kà á mọ́ àwọn ẹyẹ inú ewu ní ọdún 2021. Bíríkì oníhò kan ṣoṣo nínú ògiri lè fún un ní ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí etí odò kí ìgbà ooru tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n rí àti ọjọ́ tí wọ́n rí i sínú ìwé. Bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bá sì ti lọ tán ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe ìyá wọn àgbà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lórí fóònù, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa wo orí wáyà iná bí ọyẹ́ bá dé. Ìyá àgbà yóò ní ìròyìn láti fún wọn.