Bí A Ti Lè Mọ̀ Bóyá Mítà Iná Ilé Wa Ń Ka Òótọ́

Ìjà tí owó iná mànàmáná ń dá sílẹ̀ láàrin àwọn ayálégbé kì í ṣe ohun àjèjì ní Ọ̀fàtẹ̀dó tàbí ní Òṣogbo tí ó múlé tì í. Ẹni kan a ní mítà ń sáré jù. Ẹni kejì a ní firíìsà aládùúgbò ni ó ń jẹ iná. Ẹni kẹta a ní àwọn tí ń ta iná ni ó ń rẹ́ òun jẹ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ariwo kò lè fi ẹni náà hàn. Bí a bá fura sí kóńgò ẹni tí ń ta gàrí, kóńgò mìíràn ni a fi ń dán an wò. Bákan náà ni ó yẹ kí a ṣe sí mítà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni ohun tí mítà ń kà. Yúnìtì kan ni ìwọ̀n iná tí ohun èlò alágbára 1,000 wáàtì ń lò ní wákàtí kan. Gílóòbù 100 wáàtì yóò lo yúnìtì kan bí a bá tàn án fún wákàtí 10. Yúnìtì ni mítà ń kà, kì í ṣe náírà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a gbé owó yúnìtì kan dé ₦225 fún àwọn tí a ṣètò pé kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó sì ti yí padà láti ìgbà náà. Nítorí náà, bí owó tí ẹnì kan fi ra iná bá tètè tán, kí ó kọ́kọ́ wo iye yúnìtì tí owó náà rà fún un kí ó tó dá mítà lẹ́bi.

Kò sí òṣùwọ̀n tí kì í ní àṣìṣe díẹ̀. A kọ ‘Cl. 1’ sí ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà ilé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí a bá ń lò ó bí ó ti yẹ, àṣìṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bí ẹyọ kan nínú 100 lọ. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní NEMSA ni a fún ní iṣẹ́ àyẹ̀wò mítà ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, mítà tí a ti yẹ̀ wò pàápàá lè ṣìnà. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Twente ní ilẹ̀ Họ́láńdì dán mítà mẹ́sàn-án wò pẹ̀lú àwọn gílóòbù ìgbàlódé àti ẹ̀rọ tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Márùn-ún nínú wọn ka iye tí ó ga ju èyí tí a lò lọ. Kì í ṣe báyìí ni iná ilé ṣe ń rí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó bá ráhùn kì í ṣe òpùrọ́ ní dandan.

Ọ̀kan nínú ohun tí a lè fi dán mítà ńlá wò ni mítà kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń ki ohun èlò bọ̀ ọ́ lára. Iṣẹ́ rẹ̀ dára fún ohun tí ń jẹ iná púpọ̀, bí áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù. Ṣùgbọ́n bí ohun èlò bá kéré púpọ̀, bíi ṣájà fóònù, ó lè kà á ní òdo tàbí kí ó ṣì í kà.

Bí a ó ti ṣe é nìyí. Ẹ wo ojú mítà ńlá. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan níwájú ‘imp/kWh’. Bí ó bá jẹ́ 1,000, iná pupa kékeré ara mítà náà yóò ṣẹ́jú ní ìgbà 1,000 fún yúnìtì kan. Ẹ pa gbogbo ohun èlò inú ilé. Bí iná pupa náà bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kí wáyà ẹlòmíràn so mọ́ tiyín, tàbí kí iná máa jò níbì kan. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́. Bí kò bá ṣẹ́jú mọ́, ẹ gbé kẹ́tùlù tí omi kún inú rẹ̀ sórí mítà kékeré, kí ẹ sì máa ka ìṣẹ́jú iná pupa náà. Nígbà tí mítà kékeré bá ka ìdá mẹ́wàá yúnìtì kan, iná pupa ní láti ti ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Bí ó bá wà láàrin 97 àti 103, àwọn méjèèjì gbà fún ara wọn. Bí ó bá tó 130, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì yá mítà kékeré mìíràn lò, nítorí ó lè jẹ́ èyí tí ó kéré ni ó ń purọ́.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iye wáàtì tí a kọ sí ara ohun èlò nìkan. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì láti 230 fólítì dé 180, áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì kò ní lò ju nǹkan bí 610 lọ. Ìdí nìyí tí áyọ́ọ̀nù fi ń pẹ́ kí ó tó gbóná.

Mítà kékeré yìí kan náà lè parí ìjà inú ilé. Ẹ fi í sí ara firíìsà tí a ń fura sí fún ọjọ́ méje, nítorí firíìsà a máa ṣiṣẹ́, a sì máa dákẹ́. Iye yúnìtì tí ó bá kà ni kí a fi pín owó.

Bí mítà ńlá bá jẹ̀bi, ẹ má ṣe tú èdìdì rẹ̀; ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ IBEDC, tí ó ń pín iná fún agbègbè wa láti ọdún 2013, pé kí wọ́n wá yẹ mítà wò. Kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tí ń ṣe àbójútó ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tí ó mú ìṣirò lọ́wọ́ ni a ń gbọ́ tirẹ̀ ju ẹni tí ó mú ìbínú wá lọ.